Ṣé kí n gba iṣẹ́ Èkó yìí ni àbí kí n dúró l'Ábẹ́òkúta?

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́ ọ̀rọ̀ kan ti dà mí lọ́kàn rú. Accounting ni mo kà, ó ti pé oṣù mẹ́rin tí mo parí agùnbánirọ̀, Ìtòkú l'Ábẹ́òkúta níbi tí mọ́mì mi ti ń ta àdìrẹ ni mo máa ń wà látàárọ̀ ṣúlẹ̀.

Mo ti fi CV ránṣẹ́ síbi tó lé ní 40, títí dórí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá Ọ̀tà àti Ṣàgámù, àwọn méjì péré ló dáhùn. Ìkíní ní kí n kọ́kọ́ san owó fọ́ọ̀mù 15,000 náírà kí wọ́n tó pè mí fún intafíù, mo bá fi wọ́n sílẹ̀, torí ẹni tó fẹ́ gbààyàn síṣẹ́ kí ló ń gbowó lọ́wọ́ ẹni fún? Ìkejì wà n'Íkẹjà, wọ́n ti gbà mí, ṣùgbọ́n 90,000 lóṣù ni, mi ò lẹ́bí tí mo lè sùn sọ́dọ̀ ẹ̀ l'Èkó, tí mo bá sì ń wọkọ̀ láti Kútọ̀ lójoojúmọ́ owó ọkọ̀ nìkan á fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e jẹ tán.

Bọ̀dá kan tó ń ta sìmẹ́ǹtì ní Láfẹ́nwá, l'Ábẹ́òkúta níbí, wá ní kí n máa bá òun ṣe ìwé owó, 50,000 ni, àmọ́ aago mẹ́rin ni màá máa ṣíwọ́, màá ráyè kàwé dáadáa fún ìdánwò ICAN, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn akáńtáǹtì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń gbààyàn síṣẹ́, tẹ́ ẹ bá rí ṣọ́ọ̀bù sìmẹ́ǹtì lórí CV ṣé ẹ ò ní jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́? Báwo ni kí n ṣe kọ ọ́? Ọjọ́ Ẹtì ni Ìkẹjà ń retí èsì mi.