Ẹni tó kọ́kọ́ sanwó kọ́ ló ń kọ́kọ́ gba Maverick

Ẹni tó ń bá àwọn ará ilé kọ ọ́dà, Òkè-Fìà

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ yìí láti ìdí. Ẹni tó bá ní ọmọ tàbí àbúrò ní Amẹ́ríkà, tó ní kó bá òun kọ ọ́dà (kó bá òun béèrè ọkọ̀ tí ilé iṣẹ́ máa ṣe) Ford Maverick hybrid, píkọ́ọ̀pù kékeré tó ń lo epo àti iná pọ̀, lọ́dọ̀ dílà, ìyẹn ilé ìtajà ọkọ̀ Ford, a máa rò pé bí wọ́n ṣe ń tò nílé epo náà ni: ẹni tó dé ṣáájú ni yóò gbà ṣáájú. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ọjọ́ tí ẹ sanwó kọ́ ló ń mú mọ́tò yín jáde nílé iṣẹ́ Hermosillo ní Mẹ́síkò, níbi tí wọ́n ti ń ṣe é. Ohun mẹ́ta ló wà níbẹ̀: ìpín tí Ford fún dílà yín, nọ́ńbà ipò tí dílà náà fi sára ọ́dà yín, àti bóyá gbogbo àfikún tí ẹ mú sórí ọkọ̀ náà wà nílẹ̀ lọ́sẹ̀ tí wọ́n ń pín in.

Ìpín ni kó kọ́kọ́ yé yín. Dílà ló ń ra ọkọ̀ lọ́wọ́ Ford, àwa náà á wá rà á lọ́wọ́ dílà. Ford á sọ iye Maverick tí dílà kọ̀ọ̀kan lè gbà láàárín àkókò kan, iye ọkọ̀ tí dílà náà ń tà bọ̀ sì wà lára ohun tí wọ́n ń wò. Ìdí nìyí tí dílà ńlá fi máa ń gbà ju dílà abúlé lọ. Àmọ́ ẹ má sáré lọ bá dílà ńlá. Ká ní ó ń gba 12 lóṣù, tí ọ́dà 240 sì ti wà níwájú yín: ogún oṣù gbáko nìyẹn. Ká ní dílà kékeré kan ń gba ẹyọ kan lóṣù, tí ọ́dà mẹ́rin péré wà níwájú: oṣù karùn-ún ló kàn yín. Iye tó ń wọlé lóṣù nìkan kò sọ nǹkan kan fún yín. Ẹ fi pín iye tó wà nílẹ̀ kí ẹ tó mọ ibi tí ẹ dúró.

Ohun tó jẹ́ kí ìlà yìí gùn kò ṣòro láti rí. Nígbà tí Ford gbé e jáde ní oṣù kẹfà ọdún 2021, 19,995 dọ́là ni wọ́n pe èyí tó rọjú jù, pẹ̀lú 1,495 dọ́là fún gbígbé e dé ọ̀dọ̀ dílà. Hybrid gan-an ni èyí tó rọjú náà. Ẹ́ńjìnnì 2.5 lítà pẹ̀lú mọ́tò iná, agbára ẹṣin 191 lápapọ̀, máìlì 42 lórí gálọ́ọ̀nù kan láàárín ìlú, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 18 lórí lítà kan. Píkọ́ọ̀pù wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ lówó yẹn? Kí oṣù kìíní ọdún 2022 tó parí, Ford ti dá gbígba ọ́dà hybrid ọdún náà dúró. Nígbà tí wọ́n ṣí ti 2023 ní oṣù kẹsàn-án 2022, ọjọ́ díẹ̀ ló lò kí wọ́n tó tún tì í. Ní 2024, wọ́n sọ ẹ́ńjìnnì EcoBoost, tó ń lo epo nìkan, di èyí tó ń bá ọkọ̀ wá, wọ́n sì ní kí ẹni tó bá fẹ́ hybrid fi 1,500 dọ́là kún un. Ní 2025, hybrid padà sípò, ó sì ṣeé mú pẹ̀lú táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó ń fà fúngbà àkọ́kọ́.

Ẹni tó mọ inú iléeṣẹ́ dílà

Àlàyé ni ẹ̀gbọ́n tó sọ̀rọ̀ ṣáájú ṣe. Ẹ jẹ́ kí n fi ti nọ́ńbà ipò kún un, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rẹ́ ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ.

Dílà fúnra rẹ̀ ló ń fi nọ́ńbà yìí sára ọ́dà. Èyí tó bá kéré ló ń ṣáájú: 10 ṣáájú 15, 15 ṣáájú 19. Bí ẹ bá gbọ́ 99, ọ́dà yín wà lórí ìdádúró, kò ní lọ síbì kankan títí wọn yóò fi yí i padà. Dílà lè fún ẹni tó dé lánàá ní 10, kí ẹni tó ti dúró láti ọdún tó kọjá wà ní 19. Kò sófin tó dá a dúró.

Nǹkan kejì tí mo fẹ́ kí ẹ tẹjú mọ́: ọ́dà oníbàárà yàtọ̀ sí ọ́dà ọjà. Ọ́dà oníbàárà ní orúkọ ẹni tó fẹ́ rà nínú, Ford fúnra rẹ̀ á sì fi lẹ́tà ránṣẹ́ sórí ímeèlì onítọ̀hún. Ọ́dà ọjà jẹ́ ti dílà, kó lè gbé e kalẹ̀ níwájú ilé rẹ̀, kó tà á fún ẹni tó bá dé. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí ọmọ yín kò rí ímeèlì Ford, kó padà síbẹ̀ lọ béèrè bóyá orúkọ rẹ̀ wọ inú ọ́dà. Ẹlòmíràn ti san owó àsansílẹ̀, ọ́dà ọjà ni wọ́n sì kọ. Nígbà tí ọkọ̀ bá dé, wọ́n á ní ẹni tó san jù ló ni ín.

Kí ẹni yín tó fi owó sílẹ̀, kó béèrè báyìí, kó sì gba ìdáhùn rẹ̀ sínú ìwé: hybrid mélòó ni dílà yìí gbà ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn (hybrid o, kì í ṣe Maverick lápapọ̀, torí wọ́n máa ń pa á pọ̀ mọ́ EcoBoost kó lè dà bíi pé ó pọ̀)? Ọ́dà mélòó ló wà níwájú mi? Nọ́ńbà ipò wo ni ẹ fún mi? Èló ni n ó san ní ìparí, ṣé iye tí Ford kọ ni àbí ẹ ó fi àlékún sí i? Owó àsansílẹ̀ ńkọ́, ṣé ó ṣeé gbà padà? Iye tí Ford kọ sára ọkọ̀ jẹ́ àbá lásán. Dílà lómìnira láti fi ẹgbẹ̀rún márùn-ún dọ́là lé e, ó sì lè má sọ̀rọ̀ rẹ̀ títí ọjọ́ tí ẹ bá wá gbé e. Ìwé tí ọ̀gá ibẹ̀ buwọ́ lù ṣoṣo ló lè gbà yín. Ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tó ń ta ọjà kò tó, torí ó lè ti kúrò níbẹ̀ kí ọkọ̀ tó dé.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ àwọn àfikún. Ní 2021 àti 2022 tí chip (ègé kékeré inú kọ̀ǹpútà ọkọ̀) wọ́n káàkiri ayé, ohun kan péré tó bá sọnù lára ọ́dà tó láti dá odindi mọ́tò dúró. Dílà ní ìpín, nọ́ńbà ipò yín dára, síbẹ̀ kọ̀ǹpútà Ford á fo ọ́dà yín, á sì mú ti ẹni tó wà lẹ́yìn yín, torí tirẹ̀ kò ní àfikún tó wọ́n. Kí ẹni yín bi dílà pé àfikún wo ni Ford kọ sínú ìwé àwọn ohun tó wọ́n lọ́sẹ̀ yìí, kó sì yọ èyí tí kò bá pọndandan kúrò. Bí ọ́dà kò bá tíì gba nọ́ńbà ṣásí, ó ṣeé tún ṣe. Bó bá ti gba ọjọ́ ìṣe, ó ti bọ́ lọ́wọ́ yín. Ọjọ́bọ̀ ni Ford sábà máa ń fi ímeèlì ránṣẹ́ pé ọkọ̀ ti gba ọ̀sẹ̀ ìṣe, nítorí náà kò sí ìdí tí ẹ ó fi máa pe ọmọ yín lójoojúmọ́.

Bí ọdún bá yí tí wọn kò tíì ṣe ọkọ̀ náà, ọ́dà kì í fúnra rẹ̀ wọ ọdún tuntun. Dílà gbọ́dọ̀ tún un kọ. Nígbà tí ti 2022 wọ 2023, Ford gbà láti bo ìyàtọ̀ owó fún àwọn tó ti ń dúró, àmọ́ ẹni tí dílà rẹ̀ kò tún ọ́dà rẹ̀ kọ kò lè rí i gbà.

Láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń kó ọkọ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi

Ẹ̀yin ará Òṣogbo, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ìwé tí dílà ní kí ọmọ yín buwọ́ lù dáadáa. Ọ̀pọ̀ dílà ní ìwé kan tó sọ pé oníbàárà kò ní kó ọkọ̀ tuntun náà jáde ní Amẹ́ríkà láàárín iye oṣù kan, ó sábà máa ń jẹ́ ọdún kan, owó ìtanràn sì wà níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ ló ń fi ìyà jẹ dílà tí ọkọ̀ rẹ̀ bá rékọjá, ìyẹn ni dílà ṣe ń dì í mọ́ oníbàárà lọ́rùn. Ọmọ yín ló máa jẹ gbèsè náà, kì í ṣe ẹ̀yin. Èmi kò ní gbà kí ẹnikẹ́ni fi orúkọ ọmọ rẹ̀ wọ irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ kó tún wá da á. Kí ọmọ máa lò ó fún ọdún náà, kó wá fi ránṣẹ́, tàbí kí ẹ ra èyí tí ẹlòmíràn ti lò.

Bó bá tó àkókò, ìwé ìní gbọ́dọ̀ mọ́. Bí gbèsè báǹkì bá ṣì wà lórí rẹ̀, àfi kí báǹkì kọ̀wé pé òun gbà. Kọ́sítọ́ọ̀mù Amẹ́ríkà fẹ́ rí ìwé ìní àti ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ní èbúté ní ó kéré tán wákàtí 72 kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Kí ẹ sì sọ fún ẹni tó ń bá yín gbé e láti ìbẹ̀rẹ̀ pé hybrid ni, pé bátìrì lithium wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá fi pamọ́, wọ́n lè já a sílẹ̀ ní èbúté.

Ejẹ́ǹtì wáàfù

Kúkúrú ni tèmi. Láti 2022 ni Kọ́sítọ́ọ̀mù ilẹ̀ wa ti ń fi nọ́ńbà ṣásí wo iye tí ọkọ̀ tó, wọn kì í wo rìsíìtì yín nìkan mọ́. Nítorí náà, kí ẹ fi nọ́ńbà ṣásí ránṣẹ́ sí ejẹ́ǹtì kí ẹ tó ra ọkọ̀, kó bá yín ṣírò ohun tí ẹ máa san. Ẹ sì bi í bóyá abẹ́ nọ́ńbà owó Kọ́sítọ́ọ̀mù 8703 tàbí 8704 ni yóò fi sí, torí ọkọ̀ akérò ni ti àkọ́kọ́, ọkọ̀ akẹ́rù ni ti èkejì, píkọ́ọ̀pù onílẹ̀kùn mẹ́rin sì máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín wọn. Bí ẹ bá dúró títí ọkọ̀ fi gúnlẹ̀ kí ẹ tó béèrè, owó ibùsọ̀ (owó tí èbúté ń gbà lórí ọkọ̀ tó dúró síbẹ̀) ni yóò máa gun orí ara wọn.

Rewáyà, Gbọ̀ngán Road

Nọ́ńbà ṣásí náà ló máa sọ fún yín bóyá hybrid ni wọ́n ń tà fún yín lóòótọ́. Lára Maverick 2022, ó máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 3FT. Ẹ ka á dé ipò kẹjọ. Bó bá jẹ́ 3, hybrid 2.5 ni. Bó bá jẹ́ 9, EcoBoost 2.0 ni, ẹni tó bá pè é ní hybrid ń purọ́ fún yín. Ẹ tún fi nọ́ńbà yìí wo ìkànnì NHTSA, àjọ ààbò ojú ọ̀nà Amẹ́ríkà, bóyá ìpè-padà kankan (àtúnṣe tí ilé iṣẹ́ ní kí wọ́n dá ọkọ̀ padà fún) wà tí wọn kò tíì ṣe. Ní oṣù keje 2022, Ford pe Maverick pẹ̀lú àwọn ọkọ̀ rẹ̀ mìíràn, Escape àti Corsair, tó ní ẹ́ńjìnnì 2.5 hybrid padà, torí bí ẹ́ńjìnnì bá fọ́, ọ́ìlì àti èéfín epo lè dé ibi tó gbóná kó sì gbiná. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń ṣe é ní Amẹ́ríkà. Kí wọ́n ṣe é níbẹ̀ kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi.

Nígbà tó bá dé ilé, ohun tí àwọn mẹkáníìkì wa máa ń ṣì ṣe nìyí. Wọ́n á wá ọ́tánétọ̀ (alternator, ẹ̀rọ tó ń fún bátìrì ní iná) àti sítátà, kò sí. Mọ́tò iná inú gíà ló ń ta ẹ́ńjìnnì jí, bátìrì ńlá ló sì ń fún bátìrì 12 fóòtì lágbára. Bí ọkọ̀ náà bá kọ̀ tí kò jí lẹ́yìn ìrìn àjò orí omi, bátìrì 12 fóòtì ni kí wọ́n kọ́kọ́ wọ̀n, torí bó bá ti kú, kọ̀ǹpútà kò ní ṣí ọ̀nà fún ti ńlá. Ọ̀pọ̀ á ti pariwo pé bátìrì hybrid ti bàjẹ́ nígbà tí èyí tó kéré ló ní ìṣòro.

Ọ́ìlì 0W-20 ni ẹ́ńjìnnì yẹn ń mu. Ẹni tó bá da 20W-50 sí i, torí ìyẹn ló wà nínú ìsọ̀, á jẹ́ kí ọ́ìlì pẹ́ kó tó gun òkè ní gbogbo ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá tún jí, ẹ́ńjìnnì hybrid sì ń kú ó sì ń jí léraléra nínú gọ̀sìlóò Ọláìyá. Ọ́ìlì tí wọ́n ń pè ní Mercon ULV ni ti gíà. Wáyà aláwọ̀ ọsàn, ẹnikẹ́ni tí kò bá ní ìbọ̀wọ́ tí kò gba iná àti ìmọ̀ bí a ṣe ń yọ agbára rẹ̀ kúrò, kó má fọwọ́ kàn án. Abẹ́ àga ẹ̀yìn ni bátìrì ńlá wà. Bí odò bá kún tí omi bo ojú ọ̀nà, ẹ dúró, ẹ má wọ inú rẹ̀.

Ìdáhùn sí ìyá tó ń ta sìmẹ́ńtì, tó béèrè iye àpò tó lè gbé

Ìyá wa, 1,500 pọ́n-ùn ló lè gbé, ìyẹn bíi kílò 680. Iye yẹn kì í ṣe ti ẹrù ẹ̀yìn nìkan o, awakọ̀ àtẹni tó jókòó tì í wà nínú rẹ̀. Bí awakọ̀ bá wọ̀n tó kílò 80, 600 ló kù, àpò 12 ni. Bí ọmọkùnrin kan bá tẹ̀lé e láti já ẹrù, ẹ dín in sí 10. Ẹ̀yìn rẹ̀ gùn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin àtààbọ̀, nítorí náà ààyè lè ṣẹ́kù níbẹ̀, ẹ má torí pé ààyè wà kí ẹ fi méjì kún un. Fún ẹni tó ń kó 40 lẹ́ẹ̀kan láti ìsọ̀ lọ síbi iṣẹ́, ọkọ̀ yìí kọ́ ni mo máa ní kí ẹ dúró dè.