Àì wo ló wà nínú "àìdíjẹ̀"?

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú àpérò.

Ẹ̀gbọ́n wa tó ń túmọ̀ iṣẹ́ Dókítà Peter Libby, onímọ̀ àrùn ọkàn ní Boston, ti sọ àrùn tí ọ̀rá ń kó jọ sínú iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọkàn (atherosclerosis) ní "àìdíjẹ̀". Wọ́n ní àwọn yọ àì- lára àìsàn, àwọn wá fi dí àti ẹ̀jẹ̀ kún un. Àwọn kan sì ti ń kan sáárá sí i níbí!

Àì- kì í ṣe àìsàn. Àìsùn, àìjẹun, àìgbọràn, ṣé àrùn ni gbogbo wọn? Àìsàn fúnra rẹ̀, ara tí kò sàn ni. Bí ẹ bá ní àìdíjẹ̀, ohun tí etí Yorùbá gbọ́ ni pé nǹkan kan ò dí ẹ̀jẹ̀ lọ́nà. Ìlera nìyẹn! Dókítà á sọ fún aláìsàn pé "ẹ ní àìdíjẹ̀", onítọ̀hún á sì máa dúpẹ́ lọ sílé. Ẹni tó kọ ọ́ láìfi àmì sí i tún wá bà á jẹ́ pátápátá: "aidije". Èmi rò pé eré ìdíje la ń sọ. Ìyá àgbà tó tọ́ mi ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ tó máa sọ irú èyí lójú wọn tí wọn ò ní ní kó tún un sọ.

Ká tiẹ̀ fi àì- sílẹ̀. Dí náà ò gbé iṣẹ́ Libby. Ohun tí wọ́n ti ń tẹnu mọ́ ni pé ọ̀rọ̀ náà kọjá páìpù tó dí. Dókítà Rudolf Virchow ti rí i ní Jámánì ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún pé ara iṣan gan-an ló ń wú. Ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní LDL á wọnú ara iṣan, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣọ́ ara á sáré débẹ̀, wọ́n á máa gbé e mì títí wọ́n á fi kún fọ́fọ́, wọ́n á kú síbẹ̀. Awọ tó bo ibẹ̀ á máa fẹ́lẹ́ sí i. Ọjọ́ tó bá bẹ́, ẹ̀jẹ̀ á dì lé e, iṣan á wá dí. Ẹ̀jẹ̀ ló ń dì, iṣan ló ń dí. Ẹ má pa ohùn méjèèjì pọ̀.

Ní 2017, Paul Ridker, Libby àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé àbájáde ìwádìí kan tí wọ́n pè ní CANTOS jáde. Àwọn tó lé ní 10,000 tí àrùn ọkàn ti kọlù rí ni wọ́n yẹ̀ wò. Canakinumab, abẹ́rẹ́ oṣù mẹ́ta mẹ́ta tó ń dẹ̀kun wíwú, ò dín LDL wọn kù. Wíwú ló rọlẹ̀, ìkọlù ọkàn, rọpárọsẹ̀ àti ikú tó ti ibẹ̀ wá, lápapọ̀, sì fi nǹkan bí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù lára àwọn tó gba 150 mílígíráàmù. Àmọ́ àkóràn tó ń pani pọ̀ sí i lára àwọn tó gba abẹ́rẹ́ náà, torí a ti de ẹ̀ṣọ́ lọ́wọ́. Ilé là ń wò…

Ìdí nìyẹn tí mo fi pe àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣọ́ ara (immune system) ní ẹ̀ṣọ́ ara, tí mi ò gba "ètò àjẹsára" tí ẹ ní rédíò ń lò. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ àṣèjẹ dàgbà mọ̀ pé ohun tó ti ìta wọlé là ń pè ní àjẹsára. Ẹ pè é mọ́ abẹ́rẹ́, mi ò jà. Ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì tí a bí mọ́ni, ta ló jẹ ẹ́?

Ní ti àrùn náà, orúkọ tí mo mú wá ni èéwo iṣan. Ó ń wú, ó lórí, ó ń bẹ́. Mo mọ̀ pé ẹnìkan máa ní èéwo gbọdọ̀ ní ọyún. Ọ̀rá àti òkú sẹ́ẹ̀lì ló wà nínú tibí, ó sì tó ọyún lójú tèmi.

Ti "òpójẹ̀" tí ẹ ní kí n fi rọ́pò iṣan, mi ò tíì gbà, ì báà jẹ́ pé ẹ ti ń kọ́ni ní yunifásítì kí wọ́n tó bí mi. Òpó ló ń gbé àjà ró. Ẹ ní ohùn iṣan ò bá ti ṣàn tí ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn mu, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìyẹn ò sọ òpó di ohun tó ní ihò nínú.