Ẹ wá sọ ìrírí yín: kíkọ́ àwọn ọmọ bí ẹnjiníà ṣe ń ronú ṣe nǹkan jáde

Tíṣà JSS2

Ẹ kú iṣẹ́ o gbogbo ilé. Basic Tech ni mò ń kọ́ níbí l'Abẹ́òkúta, mo sì fẹ́ kí ẹni tó bá ti fi design process, ìyẹn ìgbésẹ̀ tí ẹnjiníà ń tẹ̀ lé láti ṣe nǹkan jáde, kọ́ ọmọ rí wá sọ bó ṣe lọ, torí ó ń dùn mí pé níbi púpọ̀ wọ́n kàn ń kọ ọ́ sí bọ́ọ̀dù ni, àwọn ọmọ á dà á kọ, wọ́n á há a, wọ́n á gba máàkì, ó parí. Museum of Science tó wà ní Boston l'Amẹ́ríkà, láti ọdún 2003 ni wọ́n ti gbé ètò Engineering is Elementary kalẹ̀ fáwọn ọmọ pírámárì, ìgbésẹ̀ 5 péré ló wà ńbẹ̀: bèèrè, ronú, ṣètò, ṣe é, tún un ṣe kó dáa sí i. Híhá ẹ̀ ò le rárá. Ibi tí wọ́n sì máa ń fò jù ni bèèrè yẹn.

Èmi, láfún ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣáà mọ Ẹ̀gbá àti láfún. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ẹ ó rí i tó funfun báláú lórí àpáta, níwájú ilé, àní létí títì. Mo ní kí àwọn ọmọ lọ bá ìyá tó ń ṣe é ládùúgbò wọn, kí wọ́n má dá àbá kankan o, kí wọ́n kàn bèèrè ohun tó ń yọ ọ́ lẹ́nu kí wọ́n sì fetí sílẹ̀. Kí wọ́n tó lọ, gbogbo wọn ti fẹnu kò pé ewúrẹ́ ni, wọ́n ti ń ya ọgbà sínú ìwé. Ewúrẹ́ wà ńbẹ̀ lóòótọ́, eruku náà wà, ṣùgbọ́n ohun tí ìyá yẹn tẹnu mọ́ ni ọjọ́ tí oòrùn ò bá yọ: ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti rẹ sómi fún bí ọjọ́ 3 tàbí 4, tí wọ́n ti fọ̀, tí wọ́n ti tẹ omi ẹ̀ kúrò, tí òjò bá wá ṣú fún ọjọ́ méjì léra, á bu, á dúdú, kò sẹ́ni tó máa rà á. Bí wọ́n ṣe dé kíláàsì ọmọbìnrin kan ní, "Sà, ọgbà kọ́ ni ká ṣe o." Inú mi dùn gan-an lọ́jọ́ yẹn.

A jọ kọ ohun tó dè wá lọ́wọ́ sílẹ̀: kò gbọdọ̀ lo iná, ìyá gbọ́dọ̀ lè dá a gbé wọlé tójò bá ń bọ̀, kò sì gbọdọ̀ wọ́n. Lẹ́yìn náà, kí oníkálukú kọ́kọ́ dá tiẹ̀ yà ná kí wọ́n tó jọ sọ̀rọ̀. Ẹ má fo èyí o, tẹ́ ẹ bá fò ó, ọmọ tó lẹ́nu jù ni gbogbo gúrúùpù máa tẹ̀ lé.

Àpótí tí oòrùn á máa gbóná sí, kí láfún lè tètè gbẹ kójò tó dé, ni wọ́n fẹnu kò sí. Wọ́n fi páálí ṣe kékeré ẹ̀ ná, kí wọ́n tó fi pákó kan àpótí, wọ́n kun inú ẹ̀ ní dúdú, wọ́n fi ọ̀rá funfun tó mọ́ gaara bo orí ẹ̀. Láfún tútù kan náà, ìwọ̀n kan náà lórí síkéèlì, a sá ìdajì sínú àpótí, a sá ìdajì sórí ṣìmẹ́ǹtì láti fi wé e. Nígbà tó fi máa dọ̀sán, omi ti bo abẹ́ ọ̀rá yẹn, ó ń kán tó, tó, tó padà sórí láfún, ti orí ṣìmẹ́ǹtì sì ti ń gbẹ ní tiẹ̀. Ọmọ kan ti fẹ́ da àpótí nù. Mo dákẹ́, kò rọrùn o, torí ìdáhùn wà lẹ́nu mi, ṣùgbọ́n mo dákẹ́. Ọ̀kan nínú wọn ló ki ọwọ́ bọ abẹ́ ọ̀rá, ó ní ooru wà ńbẹ̀ dáadáa, ibi tí oru omi máa gbà jáde ni ò sí. Báyẹn ni wọ́n ṣe dá ihò sí ìsàlẹ̀ lápá kan, wọ́n dá òmíràn sókè lápá kejì, afẹ́fẹ́ tó gbóná ń gbéra, ó ń kó omi jáde lókè, èyí tó gbẹ ń wọlé nísàlẹ̀. Wọ́n tún gbé láfún kúrò lórí pákó sórí nẹ́ẹ̀tì kí atẹ́gùn lè gba abẹ́ ẹ̀ kọjá. Orí àpótí náà, wọ́n fẹ́ kó dagun gan-an, mo ní kí wọ́n wo máàpù: bí dígírì 7 ni Abẹ́òkúta fi jìn sí ìlà agbedeméjì ayé, oòrùn fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń wà lórí wa gangan, kó dagun díẹ̀ kí omi òjò lè ṣàn lọ ti tó. Nígbà tá a tún un wọ̀n, ti inú àpótí ló fúyẹ́ jù.

A gbé e lọ fún ìyá, ìyá ní ó dáa, àmọ́ ẹ̀yìn ń dun òun, òun ò lè máa bẹ̀rẹ̀ báyẹn. Ó tún di iṣẹ́.

Káfíńtà Àdàtán

Bùọ̀dá tíṣà, Ọlọ́run á máa fún yín ṣe. Irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ wá bá mi rí fún àjákù pákó, wọ́n mú ìwé dání, àpótí tó rẹwà ni wọ́n yà síbẹ̀, kò sí ìwọ̀n kankan lára ẹ̀. Mo bi wọ́n pé ẹni tó máa lò ó ńkọ́, báwo ló ṣe ga tó? Ẹnu ọ̀nà yàrá tó máa gbé e wọ̀ ńkọ́, báwo ló ṣe fẹ̀ tó? Wọ́n ń wojú ara wọn. Mo fún wọn ní téèpù, mo ní kí wọ́n lọ wọ̀n ọ́n wá. Wọ́n padà wá lóòótọ́, àpótí yẹn sì ti kéré sí ti tẹ́lẹ̀. Èmi ò ní fún ọmọ ní pákó láìsí ìwọ̀n, ọmọ iṣẹ́ mi gan-an mọ̀.

Aládìrẹ Ìtòkú

Ẹ kú ọ̀rọ̀ láfún o, torí láfún yẹn náà la fi ń ro ẹ̀kọ àdìrẹ, a ó fi álọ́ọ̀mù sí i, ibi tí ẹ̀kọ bá bò, aró ò ní wọ ibẹ̀. Ọmọ mi obìnrin fẹ́ gé páànù pátánì tiẹ̀, èyí tá a máa ń gé ihò sí kí ẹ̀kọ lè gba ibẹ̀ dé ara aṣọ, òrùka ńlá kan ló fẹ́, mo ní kó kọ́kọ́ fi páálí gé e. Bó ṣe gé e yí po, àárín ẹ̀ já bọ́ sílẹ̀! Ó gbé e yẹ̀ wò títí, ó wá lọ ń wo àwọn páànù àtijọ́ tó wà nílé, ó rí i pé wọ́n máa ń fi okùn tín-ín-rín sílẹ̀ láti di àárín mú, òun náà fi mẹ́ta sílẹ̀. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ló tó fọwọ́ kan páànù. Tíṣà, báwo lẹ ṣe ń máàkì irú ẹ̀? Torí ọmọ mi ní wọ́n fún ẹni tí tiẹ̀ rẹwà ní máàkì jù.

Tíṣà JSS2

Ìyá wa, ìwé tí wọ́n ń kọ nǹkan sí ni mò ń máàkì jù: kí lo dán wò, kí lo rí, kí lo yí padà, kí ló dé tó o fi yí i. Gúrúùpù tí omi kán sí láfún wọn tí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí gba máàkì ju àwọn tó fi bébà aláràbarà lẹ àpótí tí wọn ò wọ̀n nǹkan kan. Ọmọ tó bá mọ̀ pé wọ́n máa gba máàkì òun tóhun tóun ṣe ò bá ṣiṣẹ́, kò ní dán nǹkan tuntun wò láé.

Ẹsẹ̀ tó ṣeé ká lẹ́yìn lílò ni wọ́n ń bá fà á báyìí nítorí ẹ̀yìn ìyá. Ẹ̀gbọ́n káfíńtà, ṣé pákó ló máa pẹ́ jù níbi ẹsẹ̀ yẹn àbí kí wọ́n lọ bá wẹ́dà? Ẹ bá mi dá wọn lóhùn, wọ́n ń dúró.