Ẹ gbà mí o: asẹ́ ímeèlì ọ́fíìsì wa ń dá lẹ́tà gidi dúró

Akọ̀wé Owó: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Asẹ́ ààbò tí wọ́n fi sórí ímeèlì wa kò jẹ́ kí n ríṣẹ́ ṣe. Ilé iṣẹ́ kan wà tí a ti ń ra ọjà lọ́wọ́ wọn kí èmi tó débẹ̀ pàápàá. Ní báyìí, bí wọ́n bá kọ̀wé, asẹ́ á gbé e jù sí quarantine, ìyẹn ibi tó ń há lẹ́tà tó bá fura sí mọ́, á ní ó léwu. Ewu wo? Ìwé owó lásán! Mo ti tẹ "Not junk" títí ọwọ́ fi ń ro mí. Ọmọkùnrin tó ń mójú tó kọ̀ǹpútà wa, headphone kì í kúrò létí rẹ̀, á ní kí n kọ ìbéèrè lọ́nà tó yẹ. Ọ̀nà wo ló tún yẹ ju kí n dúró níwájú rẹ̀ lọ? Lánàá, lójú gbogbo èèyàn nínú ìpàdé, ọ̀gá bi mí pé kí ló dé tí a kò tí ì sanwó. Ẹ wo ìtìjú! Báwo ni mo ṣe máa fẹjọ́ asẹ́ yìí sùn kí wọ́n tó gbọ́?

Ìyá Ìbejì: Ẹ pẹ̀lẹ́, àǹtí. Ẹ tẹ "Not junk". Bó bá jẹ́ Gmail ni, "Report not spam" ni wọ́n kọ síbẹ̀.

Ẹlẹ́rọ Àgbà: Wọ́n ti ní àwọn tẹ̀ ẹ́. Ẹ jẹ́ ká máa ka ọ̀rọ̀ ká tó dáhùn. Àǹtí, ẹ̀yin náà kò sọ ohun tó yẹ ká mọ̀. Kí ni asẹ́ náà kọ pé ó fà á? Sípáàmù ni àbí phishing? Sípáàmù ni ìpolówó tí ẹnikẹ́ni kò béèrè; phishing ni lẹ́tà ẹni tó fẹ́ fi ẹ̀tàn gba owó tàbí password. Àdírẹ́sì wo ló ti wá? Ṣé gbogbo lẹ́tà wọn ni?

Adúróṣinṣin: Lẹ́tà tí wọ́n fi pe èmi síṣẹ́, inú sípáàmù ló kó sí. Gmail sì máa ń pa ohun tó bá wà níbẹ̀ rẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ 30. Ọ̀rẹ́ tí a jọ ṣèdánwò ló bi mí pé ṣé mi ò fẹ́ iṣẹ́ náà ni. Títí dòní, sípáàmù ni mo kọ́kọ́ ń ṣí láàárọ̀.

Baálé Wáyà: Kí wọ́n fi domain àwọn èèyàn yẹn, ìyẹn orúkọ tó wà lẹ́yìn @ nínú àdírẹ́sì wọn, sínú allow list, àkọsílẹ̀ àwọn tí asẹ́ kò gbọdọ̀ dá dúró. Lẹ́tà wọn á máa wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó parí.

Ẹlẹ́rọ Àgbà: Kò parí o. Ẹni tó bá fi odindi domain síbẹ̀ ti ṣílẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni tó bá fi orúkọ náà bojú. Ẹ kọ́kọ́ yẹ SPF, DKIM àti DMARC wọn wò, àwọn ètò tó ń fi hàn bóyá lẹ́tà ti wá láti domain tó ń jẹ́ lóòótọ́. Domain tó bá ní àkọsílẹ̀ SPF méjì, tàbí èyí tí SPF rẹ̀ ń wádìí nínú DNS (ìwé orúkọ àwọn domain) ju ìgbà 10 lọ, àṣìṣe ni wọ́n ń kà á sí.

Baálé Wáyà: Ẹ ti bẹ̀rẹ̀ gírámà yín. Mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí kí DMARC tó dáyé.

Ẹlẹ́rọ Àgbà: Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù.

Akọ̀wé Owó: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má torí tèmi jà. Akọ̀wé ni mí, mi ò mọ SPF. Mo tiẹ̀ ti ní kí wọ́n tú ọ̀kan sílẹ̀ fún mi, mo sì forward rẹ̀ sí àwọn tó ni asẹ́ náà. Wọn ò dáhùn.

Wúrà: Forward kò lè ṣiṣẹ́. Header àkọ́kọ́, ìyẹn àkọsílẹ̀ ibi tí lẹ́tà ti wá àti ọ̀nà tó gbà, kì í bá a lọ. Bí ẹni pé ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ ló máa rí lójú wọn. Ẹ so lẹ́tà náà mọ́ ímeèlì mìíràn gẹ́gẹ́ bíi fáìlì .eml, tàbí kí ọmọ IT yín fi í ránṣẹ́ láti ojú-ìwé alábòójútó. Kó yára, torí quarantine Microsoft kì í tọ́jú lẹ́tà ju ọjọ́ 30 lọ. Ẹ sì dáhùn ìbéèrè: ṣé gbogbo lẹ́tà wọn ni?

Akọ̀wé Owó: Rárá. Àwọn tó kù ń wọlé dáadáa. Èyí tó dá lórí àkáǹtì tuntun nìkan ló ń há. Phishing ló kọ sí i, ṣùgbọ́n orúkọ tó bá wu asẹ́ yẹn ló ń pe nǹkan.

Wúrà: Àkáǹtì tuntun wo?

Akọ̀wé Owó: Wọ́n ti yí bánkì padà. Wọ́n ní wọ́n ń yẹ ìwé owó àwọn wò lọ́wọ́, ká máa sanwó síbòmíràn ná. Kì í ṣe ayédèrú o: nọ́ńbà ọjà tí a rà wà níbẹ̀, orúkọ ọ̀gá wa wà níbẹ̀, àní ọ̀rọ̀ tí mo bá wọn sọ lọ́sẹ̀ tó kọjá wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Ìyá Ìbejì: Yéè!

Ẹlẹ́rọ Àgbà: Àǹtí, ẹ má tẹ nǹkan kan mọ́. Ó jọ pé ẹnìkan ti wọnú ímeèlì wọn tàbí tiyín, ó ń ka ọ̀rọ̀ yín. Ẹ sọ àdírẹ́sì náà di ńlá lójú kọ̀ǹpútà, kí ẹ wò ó ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

Baálé Wáyà: Kí ẹ sì pè wọ́n sórí nọ́ńbà fóònù tí ẹ ti ní tẹ́lẹ̀, kì í ṣe èyí tó wà nínú lẹ́tà náà.

Adúróṣinṣin: Bí SPF àti DMARC rẹ̀ bá ní "pass" ńkọ́?

Ẹlẹ́rọ Àgbà: Ẹni tó ra domain tó jọ tiwọn lè ṣètò gbogbo rẹ̀ kó pé. "Pass" ń sọ ibi tí lẹ́tà ti wá ni, kò ní olóòótọ́ ló kọ ọ́.

Akọ̀wé Owó: Ibi tí "m" wà nínú orúkọ wọn, "r" àti "n" ni wọ́n tò pọ̀. Ta ló máa rí ìyẹn lójú kọ̀ǹpútà kékeré tí wọ́n fún mi? Mo ti pe ọkùnrin tó máa ń bá wa ṣírò owó. Ó ní àwọn kò yí bánkì kankan. Ọ̀gá sì ti fọwọ́ sí owó náà láàárọ̀ yìí, wọ́n ní a ti pẹ́ jù.

Wúrà: Ẹ pe bánkì yín báyìí báyìí! Ẹ má pa lẹ́tà náà rẹ́, ẹ̀rí ni. Ẹ yí password padà, kí ẹ wò ó bóyá wọ́n ti dọ́gbọ́n fi ìlànà forward, èyí tó ń darí lẹ́tà yín sọ́dọ̀ wọn, pamọ́ sínú ímeèlì yín. Ní ti "Not junk" tí ẹ ti tẹ̀, kí ọmọ IT tún lẹ́tà náà fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi phishing.

Akọ̀wé Owó: Owó náà kò tí ì jáde, bánkì ti dá a dúró. Ọmọ IT ti yọ headphone. Ó ní ara ti ń fu òun sí lẹ́tà yẹn, ìdí nìyẹn tí òun fi ní kí n kọ ìbéèrè. Ara fu ú, kò sọ! Ẹ̀yin ará, ta ni mo máa fẹjọ́ èyí sùn?