Yìnyín yọ́ tán nínú ife, omi kò dà sílẹ̀: kí ló wá ń mú kí òkun ga sí i?

Olùbéèrè
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ará. Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan lọ̀ yín, kì í ṣe pé mo wá bá ẹnikẹ́ni jà. Lánàá, mo kó yìnyín mẹ́rin sínú ife, mo bu omi sí i títí tó fi kún dé etí, mo sì jókòó tì í títí gbogbo yìnyín náà fi yọ́. Yàtọ̀ sí òógùn tí ara ife là, ẹ̀kán omi kan kò dà sílẹ̀. Báwo wá ni yìnyín tó ń yọ́ ní ìpẹ̀kun àríwá àti gúúsù ayé yóò ṣe mú kí òkun kún? Mo tún kà á pé ní 2014, yìnyín orí òkun tó yí Antarctica, ilẹ̀ ìpẹ̀kun gúúsù, ká fẹ̀ ju bó ṣe fẹ̀ rí lọ láti ìgbà tí sátẹ́láìtì ti ń wọ̀n ọ́n. Ṣé ohun tó ń yọ́ tún máa ń fẹ̀ ni?

Olùkọ́ Físíìsì
Òótọ́ ni ohun tí ẹ rí nínú ife yẹn. Yìnyín tó léfòó ti gba àyè rẹ̀ nínú omi kó tó yọ́, nítorí náà, bí ti Òkun Arctic, ní ìpẹ̀kun àríwá, bá yọ́ tán, díẹ̀ kíún ni òkun yóò fi ga. Ṣùgbọ́n ti Greenland, erékùṣù ńlá kan ní àríwá, kò léfòó. Orí ilẹ̀ ló jókòó sí, níbi tó sì ti nípọn jù, ó lé ní kìlómítà 3. Bí gbogbo rẹ̀ bá yọ́, òkun yóò fi nǹkan bíi mítà 7 ga, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún nìyẹn. Omi òkun fúnra rẹ̀ tún ń wú bó ṣe ń gbóná. Láti 1993, òkun ti fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10 ga.

Ní ti 2014, ẹ má dúró síbẹ̀. Ní 2023, yìnyín orí òkun yẹn kan náà kéré ju bó ṣe kéré rí lọ láti ìgbà tí sátẹ́láìtì ti ń wọ̀n ọ́n. Èyí tó wà lórí ilẹ̀ Antarctica ní tirẹ̀ ti ń fúyẹ́ sí i láti ọ̀pọ̀ ọdún wá. Àwọn sátẹ́láìtì GRACE, tó ń wọn bí yìnyín ṣe wúwo tó, tí wọ́n sì fi ránṣẹ́ ní 2002, ló fi hàn bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú
Ẹ ṣeun, olùkọ́, ṣùgbọ́n n kò tíì gbà tán. Nígbà tí Al Gore, igbákejì ààrẹ Amẹ́ríkà tẹ́lẹ̀, gba ẹ̀bùn Nobel ní 2007, ó ní ìwádìí kan sọ pé yìnyín Arctic lè tán pátápátá nígbà ooru láàárín ọdún 7 péré. Ọdún 7 ti kọjá tipẹ́, yìnyín ṣì wà níbẹ̀. Ayé sì ti gbóná rí, ó ti tutù rí, kí ẹnikẹ́ni tó wa mọ́tò. Ṣé kì í ṣe oòrùn ló ń ṣe é?

Ọmọ Ìlàjẹ
Àsọtẹ́lẹ̀ ọdún 7 yẹn kùnà, kò sì yẹ kí a bò ó mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n àsọtẹ́lẹ̀ lọ́tọ̀, ohun tí a wọ̀n lọ́tọ̀. Ní nǹkan bí 1980, yìnyín Arctic a máa tó mílíọ̀nù 7 kìlómítà níbùú lóòró nínú oṣù September. Ní 2012, ó kù sí nǹkan bíi mílíọ̀nù 3.4. Ní ti oòrùn, láti 1978 ni sátẹ́láìtì ti ń wọn agbára rẹ̀, kò sì lágbára sí i. Bó bá jẹ́ oòrùn ni, afẹ́fẹ́ òkè réré náà ì bá máa gbóná, ṣùgbọ́n ńṣe ló ń tutù, bí ó ṣe yẹ kó rí bó bá jẹ́ pé èéfín èédú àti epo wa ló ń dá ooru dúró nísàlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára, nítorí ọmọ Ayétòrò ni mí, òkun sì ti gbé ilé ìyá ìyá mi lọ. N kò ní sọ pé yìnyín nìkan ló fà á. Ilẹ̀ ẹrẹ̀ ni etíkun wa, ìgbì a sì máa tètè gé e. Àmọ́ ìgbì tó bá gun orí omi tó ti ga tẹ́lẹ̀ yóò dé ibi tí kì í dé rí.

Olùbéèrè
Mo tún un ṣe láàárọ̀ yìí. Mo gbé asẹ́ lé orí ife tó kún fún omi, mo sì kó yìnyín mẹ́rin sínú asẹ́ náà, kí ó má baà kan omi. Kò pẹ́ rárá tí omi fi ń ṣàn kúrò lórí tábìlì bọ́ sílẹ̀. Mo gba ti òkun. Ti oòrùn ni mo ṣì ń rò. Ọmọ Ìlàjẹ, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ọdún wo ni omi gbé ilé ìyá àgbà?