Ilé bàbá wa ní Sùúrùlérè: ṣé mo lè sọ ọ́ di shortlet kí ọdún tó dé?

Àbíkẹ́ Sùúrùlérè:
Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi dé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Bàbá wa fi ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan sílẹ̀ lẹ́yìn Adéníran Ògúnsànyà. Èmi àti ìyá mi là ń gbé òkè. Ayálégbé tó ti wà nísàlẹ̀ fún ọdún mọ́kànlá kó jáde lóṣù tó kọjá. Yàrá mẹ́ta ni, pẹ̀lú pálọ̀ kan. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ní kí n má fi ayálégbé mìíràn sí i mọ́, pé ká kùn ún, ká ra bẹ́ẹ̀dì àti ẹ̀rọ amúlétutù, ká máa gbowó rẹ̀ lálaalẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń ti òkè òkun bọ̀ wá ṣọdún. Ó ní ohun tá a máa rí nínú oṣù Kejìlá nìkan á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ilé ọdún kan. Kò parọ́, mo ti bèèrè káàkiri.

Ti ìjọba ló ń dà mí láàmú. Ṣé hòtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n máa kà á sí ni àbí ilé gbígbé? Ọ̀dọ̀ ta ni mo ti máa gba ìwé àṣẹ? Mi ò tíì ra ọ̀dà rárá o, ọkùnrin méjì ti wá kanlẹ̀kùn, wọ́n ní àwọn ń ti káńsù bọ̀, kí n san ₦85,000 "owó àpáàtímẹ́ǹtì". Mo ní kí wọ́n padà wá lọ́jọ́ Ajé. Kí ni kí n ṣe?

Túndé Ọ̀dà:
Àǹtí, ẹ máa ṣe tiyín jàre. Gbogbo àpáàtímẹ́ǹtì tó kún Lẹ́kí yẹn, ta ló lọ béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni? Ẹ kùn ún, ẹ ya fọ́tò, ẹ gbé e sórí Airbnb. Tí ìjọba bá dé, ẹ máa rí ohun tẹ́ ẹ máa sọ fún wọn. Tẹ́ ẹ bá nílò ẹni tó máa kùn ún, mo wà ńbẹ̀.

Ìyá Ìbejì Yábàá:
Túndé, torí ọ̀dà tó o fẹ́ tà lo ṣe ń sọ bẹ́ẹ̀.

Àbíkẹ́, ọdún kẹrin rèé tí mo ti ń ṣe é, fúláàtì méjì. Wàhálà ìjọba kọ́ ló kọ́kọ́ bá mi, wàhálà àlejò ni. Ọmọbìnrin kan ní òun àti ọ̀rẹ́ òun ni. Nígbà tó di aago kan òru, èèyàn bí ogójì ti wà nínú pálọ̀ mi, DJ ti gbé súpíkà sójú fèrèsé. Alhaji tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kò bá mi sọ̀rọ̀ fún oṣù mẹ́ta. Kẹ́ ẹ mọ̀ pé LASEPA, iléeṣẹ́ Èkó tó ń rí sí àyíká, ní ìwọ̀n fún ariwo ládùúgbò tí àwọn èèyàn ń gbé: desibẹ́ẹ̀lì 55 lọ́sàn-án, 45 lóru. Jẹnẹrétọ̀ nìkan lè kọjá ìyẹn, ká má tíì sọ ti súpíkà.

Ìkejì ló bà mí lẹ́rù. Àwọn ọmọkùnrin mẹ́rin gba ilé fún ọ̀sẹ̀ méjì, wọn kì í jáde, lápútọ́ọ̀pù ni wọ́n dojú kọ tọ̀sán tòru. Mo rò pé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni. Àfi ìgbà tí àwọn agbófinró dé láàárọ̀ kùtù, wọ́n jálẹ̀kùn, wọ́n ní kí èmi náà máa bọ̀. Àárọ̀ ni mo lọ, alẹ́ ni mo padà sílé. Ohun tó yọ mí ni pé mo ní ẹ̀dà káàdì ìdánimọ̀ gbogbo wọn, ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí, àti pé inú báǹkì ni wọ́n san owó sí. Òfin jìbìtì ti 2006 ò ṣeré: ẹni tó bá ń bójú tó ilé, tó sì mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí wọ́n fi ṣe jìbìtì, ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni, kò sí pé ó fẹ́ sanwó ìtanràn dípò. "Mọ̀ọ́mọ̀" yẹn ni wọ́n máa fi gbogbo ọjọ́ bi yín.

Lọ́yà Ojúẹlẹ́gba:
Àǹtí Àbíkẹ́, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti àwọn méjì tó ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Ẹ ní kí wọ́n fi káàdì iṣẹ́ wọn hàn yín, pẹ̀lú ìwé tí káńsù fi béèrè owó náà, tó ní àkáǹtì káńsù nínú. Owó tí káńsù ń gbà lórí ilé láyé àtijọ́, tẹ́nẹ́mẹ́ǹtì réètì, ìjọba ìpínlẹ̀ ti kó o pọ̀ mọ́ Land Use Charge, owó ọdọọdún tí wọ́n ń gbà lórí ilé àti ilẹ̀. Ẹ má ka owó lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà.

Ti hòtẹ́ẹ̀lì, àwọn kan rò pé Àbújá ló ń fún wọn níwèé àṣẹ. Èkó àti ìjọba àpapọ̀ fa ọ̀rọ̀ yẹn dé ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ, ní 2013 wọ́n sì dá a fún Èkó: ìpínlẹ̀ ló ni í. Nítorí náà Aláúsá, níbi táwọn iléeṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ wà, lẹ máa gbà lọ. Ẹ dé iléeṣẹ́ tó ń rí sí ìrìn-àjò afẹ́, ẹ kọ lẹ́tà, ẹ gba èsì wọn lórí ìwé. Ẹ tún dé LASPPPA, iléeṣẹ́ Èkó tó ń fọwọ́ sí àwòrán ilé. Lójú tèmi, ìyẹn ló wúwo jù, torí ilé gbígbé ni wọ́n fọwọ́ sí nígbà tí bàbá yín yàwòrán ilé. Tẹ́ ẹ bá sọ ọ́ di ibi òwò, ẹ ti yí ìlò rẹ̀ padà nìyẹn, ó sì ní ìwé àṣẹ tirẹ̀.

Ẹ tún ṣọ́ra fún àlejò tí kò fẹ́ lọ. Ẹni tó wá sun ọjọ́ márùn-ún kì í ṣe ayálégbé, ṣùgbọ́n ẹ̀yin fúnra yín lè sọ ọ́ di ayálégbé. Ó fi oṣù kan kún un, ó tún fi òmíràn kún un, ẹ ń já rìsíìtì "owó ilé" fún un. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ní kó máa lọ, á ní ayálégbé olóṣooṣù lòun. Lábẹ́ òfin ilé Èkó ti 2011, ìwé ìkìlọ̀ oṣù kan pé kó kó jáde lẹ máa fún un, kẹ́ ẹ tó gba ilé-ẹjọ́ lọ. Ẹni tó bá ń san án ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, ìwé oṣù mẹ́ta.

Ìbéèrè kan ló kù: orúkọ ta ló wà nínú ìwé ilé náà?

Káyọ̀dé Agẹ́ńtì:
Lọ́yà, òfin 2011 yẹn kì í dé ibi gbogbo o. Mo ń bá wọn ta ilé, mo mọ̀.

Lọ́yà Ojúẹlẹ́gba:
Òótọ́ ni. Ó yọ Ìkòyí, Victoria Island, Àpápá àti GRA Ìkẹjà sílẹ̀. Kò yọ Sùúrùlérè. Ìwọ náà, Káyọ̀dé, ṣé o ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ LASRERA, iléeṣẹ́ Èkó tó ń ṣàkóso àwọn agẹ́ńtì ilé?

Káyọ̀dé Agẹ́ńtì:
Mo ń lọ síbẹ̀ 😂

Mọ́jí Akáńtì:
Ẹ jẹ́ n fi ti owó-orí kún un. Owó tó bá wọlé, LIRS, iléeṣẹ́ tó ń gba owó-orí l'Ékòó, ní ìpín ńbẹ̀. Láti oṣù Kìíní 2026, ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú owó tó yẹ fún owó-orí lọ́dún, òdo ni. ₦2.2 mílíọ̀nù tó tẹ̀ lé e, 15%. Òfin Èkó kan tún wà láti 2009 tó ní kí oníbàárà hòtẹ́ẹ̀lì àti ilé oúnjẹ san 5%. Oníbàárà ló ń san án, ẹ̀yin lẹ ń gbà á fún ìjọba, torí náà ẹ má ná an. Ẹ bi LIRS bóyá tiyín wọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ tó dá iye lé e, kó má di pé àpò yín lẹ ti máa yọ ọ́. VAT 7.5% tún wà lọ́tọ̀. Land Use Charge náà máa gòkè: iye tí ilé tí olówó rẹ̀ ń gbé ń san kò tó ti èyí tí wọ́n fi ń ṣòwò.

Àbíkẹ́ Sùúrùlérè:
Ẹ ṣé púpọ̀. Orí ti ń fọ́ mi.

Lọ́yà, orúkọ bàbá ló ṣì wà níbẹ̀. Wọn ò kọ ìwé ìhágún. Wọ́n fẹ́ ìyàwó méjì, ìgbéyàwó ìbílẹ̀ ni méjèèjì. Àwa méjì ni ìyá mi bí. Ìyá wa tó wà ní Mushin bí mẹ́ta. Bọ̀dá àgbà, dáwódù bàbá (àkọ́bí ọkùnrin), ọmọ Ìyá Mushin ni, wọ́n kú ní 2019. Ẹ̀gbọ́n mi ti Lọ́ńdọ̀nù ní òun wá ni dáwódù báyìí, pé kò sídìí láti fi tó àwọn ará Mushin létí.

Lọ́yà Ojúẹlẹ́gba:
Háà. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an rèé.

Ilé ẹbí ni. Ẹnì kan ò lè dá a fi ṣòwò. Ta ló dàgbà jù nínú àwọn ọmọ bàbá tó ṣì wà láyé?

Àbíkẹ́ Sùúrùlérè:
Àǹtí wa ní Mushin ni. Wọ́n fi ọdún mẹ́fà ju ẹ̀gbọ́n mi lọ.

Lọ́yà Ojúẹlẹ́gba:
Àwọn ni olórí ẹbí nìyẹn. Láti 1908 nilé-ẹjọ́ Èkó ti sọ ọ́ nínú ẹjọ́ Lewis àti Bánkọ́lé, pé lẹ́yìn dáwódù, ọmọ tó bá dàgbà jù ló kàn, ìbáà ṣe obìnrin. Owó tó bá sì jáde nínú ilé, ìdí-igi ni àṣà fi ń pín in: àwọn ọmọ ìyá yín ìdajì, àwọn ọmọ Ìyá Mushin ìdajì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé méjì lẹ̀yin, mẹ́ta làwọn. Wọ́n fa èyí dé ilé-ẹjọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́ńdọ̀nù nínú ẹjọ́ Dánmọ́lé àti Dáwódù ní 1962, ibẹ̀ náà ni wọ́n fàbọ̀ sí. Olórí ẹbí lè ní orí-ò-jorí (kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba ìpín tó dọ́gba) ni ká lò tí ìjà bá fẹ́ ṣẹlẹ̀. Kí ẹ̀gbọ́n yín má tíì ra bẹ́ẹ̀dì.

Ìyá Ìbejì Yábàá:
Ìwé gbogbo tí Lọ́yà kà sílẹ̀ yẹn, tí ará Mushin bá gba ẹnu ọ̀nà wọlé lọ́jọ́ kẹrìnlélógún oṣù Kejìlá nígbà tí àlejò yín ń wẹ̀ lọ́wọ́, kò sí èyí tó máa ṣiṣẹ́.

Àbíkẹ́ Sùúrùlérè:
Ẹ̀yin ará ilé, mo ní kí n padà wá jábọ̀. Àwọn "káńsù" ò yọjú lọ́jọ́ Ajé. Mo lọ sí Mushin lánàá, mo mú búrẹ́dì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ dání. Àǹtí ní láti ọjọ́ tí ayálégbé yẹn ti kó jáde làwọn ti ń wò ó bóyá ẹnikẹ́ni máa pe àwọn. Wọn ò ní ká má ṣe é. Wọ́n ní kí n kọ iye bẹ́ẹ̀dì, iye ọ̀dà àti iye tí a máa gbà lálẹ́ kan sórí bébà kan fún wọn, kí ẹ̀gbọ́n mi sì fi ẹnu ara rẹ̀ pè wọ́n. Kò tíì pè. Túndé, èló lò ń kun yàrá kan?