Spyder RT àlòkù: ti 2012 ni àbí ti 2014?

Ẹ̀yin tí ẹ mọ alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta dunjú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Can-Am Spyder RT méjì ló wà nílẹ̀. Ti 2012 kò wọ́n, àmọ́ ẹ́ńjìnnì 998 cc ni, ooru rẹ̀ kì í sì í fi ẹsẹ̀ awakọ̀ lọ́rùn sílẹ̀. Ti 2014 ní 1330 cc, sílíńdà mẹ́ta. Òun lọkàn mi fẹ́. Ṣùgbọ́n àárín táyà ẹ̀yìn rẹ̀ ti jẹ dán, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ṣì nípọn. Ṣé afẹ́fẹ́ ló pọ̀ jù, àbí bó ṣe máa ń jẹ nìyẹn? Tó bá ń fà sápá kan, ṣé kí wọ́n ṣe aláímẹ́ǹtì ẹsẹ̀ iwájú kí n tó sanwó? Yàtọ̀ sí eyín tó ti ya, kí ni kí n wò lára bẹ́líìtì ẹ̀yìn, èyí tó ń yí táyà ẹ̀yìn?